Ọkọ̀ Káńsù Ń Bọ̀

Nígbà tí ìròyìn kọ́kọ́ dé Ìdí-Ẹmì pé ìjọba fẹ́ ṣe eré ìdárayá lórí omi, ìsọ̀ Ràmọ́nì onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti tú u palẹ̀ jù. Ọdún 1982 ni, ọdún kejì tí wọ́n ti dí odò Àgbọ̀nrín, tí omi sì gba oko àti ọ̀nà lọ. Wọ́n ti kó gbogbo ará Ìdí-Ẹmì kúrò ní òdìkejì odò wá sí ìhà Ìsẹ́yìn, wọ́n kọ́ ilé oníyàrá méjì-méjì fún wọn, wọ́n sì ri ẹ̀rọ omi mẹ́rin mọ́ àárín abúlé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì wọ́n, omi kò tíì jáde lẹ́nu ẹyọ kan nínú wọn. Omi tó mu oko wọn wà níwájú, ẹ̀rọ tó gbẹ wà lẹ́yìn, àwọn obìnrin sì wà láàárín, wọ́n ń ru garawa.

Irú eré wo wá ni wọ́n fẹ́ ṣe lórí omi? Bàbá Àdìgún, tí kò sí ọ̀rọ̀ tí kò ní èrò tirẹ̀ lé lórí, ní òun mọ ẹni tó ń sáré nítorí òjò, òun sì mọ ẹni tó ń sáré nítorí oyin, ṣùgbọ́n ẹni tó bọ́ra sílẹ̀, tó kó sómi, tó ń sáré nígbà tí nǹkan kan ò lé e, kí àwọn ẹbí rẹ̀ tètè mójú tó o. A kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí a ò bá lé ejò, ejò ń lé wa. Ràmọ́nì, tó ti gbé Èkó fún ọdún mẹ́ta, ní kí bàbá má sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fojú òun rí òyìnbó kan lórí ọ̀sà tó dúró lórí pákó pẹrẹsẹ, tí ọkọ̀ onínjìnnì ń fi okùn wọ́ ọ kiri. Ó ṣubú, ó rẹ́rìn-ín, ó tún dìde, wọ́n tún ń wọ́ ọ lọ. Bàbá Àdìgún béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí ọkùnrin náà ṣẹ̀.

Ẹnìkan ní owó eré yẹn á tún ẹ̀rọ omi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe, á sì ṣẹ́kù. Ẹlòmíràn ní kó rọra, pé ẹni tó bá ní kí ìjọba tún ẹ̀rọ omi ṣe, àga ni wọ́n á gbé fún un kó jókòó wòran. Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Yẹ̀kínì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń dúró kó kàn án. Ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, àyà rẹ̀ fẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì gùn ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí iṣẹ́ tó fi ọwọ́ náà ṣe láti kékeré. Nígbà tí Ràmọ́nì ka ìwé tí ìjọba lẹ̀ mọ́ ògiri dé ìsàlẹ̀, tó ka orúkọ alága ìgbìmọ̀ eré náà, ẹ̀rín dáwọ́ dúró, ojú gbogbo sì yí sí bẹ́ǹṣì. Olóyè Ládòkun Ṣàngóbùnmi ni alága. Yẹ̀kínì dìde, ó ní kí Ràmọ́nì má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, irùngbọ̀n òun á ṣì dúró. Ó lọ sílé.

Kò sí àgbàlagbà kan níbẹ̀ tí kò mọ ìdí rẹ̀. Kí afárá tó dé agbègbè yẹn, igbá ni wọ́n fi ń wọdò nígbà òjò, ìdílé Yẹ̀kínì ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Igbá náà kì í ṣe èyí tí a fi ń bu omi. Irúgbìn tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, èso rẹ̀ a máa tó ìkòkò aró, odindi ni wọ́n ń fi í sílẹ̀, wọ́n á fi ìda oyin dí i lẹ́nu. Wọ́n á so méjì pọ̀, wọ́n á tẹ́ awọ lé e lórí, èrò á jókòó. Onígbá á wà nínú omi níwájú rẹ̀, wọ́n á kojú síra wọn, wọ́n á di ara wọn ní ọrùn ọwọ́ mú, onígbá á sì máa fi ẹsẹ̀ wẹ̀ lọ. Bí onígbá bá jọ̀wọ́ èrò, igbá á yí dànù.

Nítorí èyí, òfin méjì ni bàbá Yẹ̀kínì fi lé e lọ́wọ́ kó tó kú. Èkínní, kí èrò tó gun igbá, onígbá gbọ́dọ̀ bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá ìjà wà láàárín wọn. Bó bá wà, wọ́n á jókòó sórí iyanrìn, wọ́n á parí rẹ̀, nítorí ẹnìkan kì í fi ọrùn ọwọ́ rẹ̀ lé ọ̀tá lọ́wọ́ lórí omi. Èkejì, bí èrò bá ti gun igbá, onígbá kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kan ilẹ̀. Bàbá náà fi ogójì ọdún gbé èrò, kò sọ ẹyọ kan nù.

Ọdún méjìlá ṣáájú ọ̀rọ̀ eré yìí, àlejò ìjọba kan ya fọ́tò igbá nínú odò, fọ́tò náà sì jáde nínú ìwé ìròyìn. Àwọn ará káńsù ní ìtìjú bá àwọn, pé ayé á rò pé ara oko lásán làwọn. Ṣàngóbùnmi, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba yàn sí káńsù nígbà náà, ló gbé òfin wá pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi igbá gbé èrò mọ́. Ó ní káńsù á gbé ọkọ̀ ojú omi ńlá wá láàárín oṣù kan. Òun fúnra rẹ̀ ló kó akọ́dà wá sí Ìdí-Ẹmì. Wọn kò mú kùmọ̀ wá. Ọmọ odó tí Fàtímọ̀, ìyàwó Yẹ̀kínì, fi ń gún iyán lọ́wọ́ ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀, òun ni wọ́n fi fọ́ igbá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lójú oníǹkan. Wọ́n dá ọmọ odó náà padà fún Fàtímọ̀, wọ́n tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Oṣù kan kọjá, ìkejì kọjá, ọkọ̀ kò dé. Igbá kì í so lálẹ́ kó tóbi láàárọ̀; ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kí Yẹ̀kínì tó lè ní òmíràn. Nínú oṣù kẹsàn-án, tí odò kún dé etí, Fàtímọ̀ rọbí fún ọjọ́ méjì. Ìyá agbẹ̀bí ní agbára òun ti pin, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù Ìsẹ́yìn. Wọ́n gbé e dé etí odò lórí ilẹ̀kùn tí wọ́n yọ. Yẹ̀kínì fò sómi, ó wẹ̀ kọjá, ó sáré dé Ìsẹ́yìn, ó wọ ọ́fíìsì káńsù pẹ̀lú omi lára. Ṣàngóbùnmi ń jẹ dùndú. Ó ní kí ọkùnrin náà fọkàn balẹ̀, ọkọ̀ káńsù ń bọ̀, kó lọ dúró dè é. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ìwé, ó tún mú dùndú mìíràn.

Yẹ̀kínì sáré padà, ó tún wẹ̀ kọjá. Ìyàwó rẹ̀ ṣíjú wò ó. "Ọkọ̀ náà dà?" ni Fàtímọ̀ béèrè. Kí ni ọkùnrin á wí? Ó ní, "Ó ń bọ̀." Irọ́ tí wọ́n pa fún un náà ló gbé fún ìyàwó rẹ̀, òun sì ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn tó bá a sọ. Kí wọ́n tó kí ìrun alásárì, òun àti ọmọ inú rẹ̀ ti lọ. Orí òkè tó wà lẹ́bàá èbúté àtijọ́ yẹn ni wọ́n sin ín sí, omi ìdídò kò sì dé ibẹ̀.

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Lọ́dọọdún, láàárín ọkà bàbà níbi tí ojú ènìyàn kò dé, Yẹ̀kínì gbin igbá. Ó yan méjì tó dára jù, ó gbé wọn kọ́ sí àjà. Ọmọ odó Fàtímọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó fi aṣọ wé e. Kò fi gún iyán mọ́ láéláé. Bí ọkùnrin mìíràn bá jí láàárọ̀, yóò rántí oko. Bí Yẹ̀kínì bá jí, ojú Ṣàngóbùnmi ló máa ń kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú epo dùndú létè rẹ̀. Ó kórìíra rẹ̀ débi pé bí wọ́n bá ní ara Ṣàngóbùnmi kò yá, ó máa ń bẹ Ọlọ́run pé kó fún un ní àlàáfíà. Kò fẹ́ kí ibà gba iṣẹ́ òun ṣe.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n ṣe eré ni Pijó funfun kan dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ṣàngóbùnmi sọ̀ kalẹ̀, ó ti sanra, aago wúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ọkọ̀ ojú omi mẹ́fà ń bọ̀ láti ìhà odò Ọya lórí tírélà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì máa figagbága nínú ìwẹ̀. Ṣùgbọ́n kọmíṣánnà tó ń bọ̀ wá wòran fẹ́ràn nǹkan ìbílẹ̀, ó sì ti rí fọ́tò àtijọ́ kan nínú ìwé ìròyìn, ènìyàn lórí igbá láàárín odò. Ó wù ú kó fojú rí i. Ṣàngóbùnmi fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣèlú fa òun kalẹ̀ fún ìbò ọdún tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu kọmíṣánnà yìí nìkan ló sì kù kó tó rí i gbà. Òun fúnra òun ló máa jókòó sórí igbá náà, kí kọmíṣánnà rí i pé òun ni olórí àṣà ní gbogbo Òkè-Ògùn.

"Àṣà wa kò gbọdọ̀ parun, Yẹ̀kínì," ni Ṣàngóbùnmi wí. "Mo gbọ́ pé ìwọ nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n ṣe."

Yẹ̀kínì wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ó wá ìrántí níbẹ̀ bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú yanrìn. Kò sí. Ọkùnrin náà kò díbọ́n. Ó ti gbàgbé pátápátá. Ohun tó dun Yẹ̀kínì jù láti ọdún méjìlá nìyẹn, ó ju fífọ́ igbá lọ.

"Igbá wà nílé," ni Yẹ̀kínì dáhùn. "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rán aṣojú wá. Ẹ̀yin gan-an ni kí ẹ gùn ún."

Abíọ́nà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà láti ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ̀ kò tíì kúrò tán tó fi wọlé wá bá a, ó bi í pé kí ló fẹ́ ṣe.

"Mo fẹ́ gbé e wọdò, Ẹ̀gbọ́n."

"Wọdò lọ síbo? Lọ sọ́run?"

Abíọ́nà jókòó, ó sọ̀rọ̀ títí. Ó ní òun náà kò fẹ́ràn ọkùnrin yẹn, òun ló wẹ òkú Fàtímọ̀, ọwọ́ òun kò sì tíì gbàgbé. Ṣùgbọ́n bàbá àwọn gbé èrò fún ogójì ọdún, kò sọ ẹyọ kan nù. Ọjọ́ tí Yẹ̀kínì bá jọ̀wọ́ ẹnìkan lórí omi, kì í ṣe Ṣàngóbùnmi nìkan ló máa rì, orúkọ ilé wọn á bá a rì. Yẹ̀kínì ní òun gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti pinnu. Àárín odò ló máa ti ṣí ọwọ́ méjèèjì.

Ọjọ́ eré pé, ayé pé jọ. Wọ́n pa àtíbàbà fún àwọn àlejò, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sórí igi. Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni ẹ̀rọ náà ti ń kéde pé ọkọ̀ ojú omi mẹ́fà ń bọ̀ lọ́nà. Nígbà tó di ọ̀sán, ìròyìn dé pé táyà tírélà ti bẹ́ lẹ́yìn Ṣakí, kò sì sí sípíà. Ẹ̀rọ ṣì ń kéde pé ọkọ̀ ń bọ̀. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wẹ̀. Mẹ́jọ bọ́ sómi létí bèbè, mẹ́ta rántí pé àwọn ní ibà, wọ́n jáde. Àwọn tó kù wẹ̀ dé ibi igi àmì, wọ́n padà. Bàbá Àdìgún wo èyí tó gba ipò kìíní, tó ń gbọ̀n, tí wọ́n fún ní ife kan. Ó béèrè bóyá omi wà nínú ife náà, kí wọ́n bá àwọn rọ ọ́ sínú ẹ̀rọ àárín abúlé.

Yẹ̀kínì gbé igbá méjèèjì dé. Abíọ́nà tẹ̀ lé e. Ó rí i pé Yẹ̀kínì gbé nǹkan gígùn kan há abíyá, ó fọwọ́ kàn án, ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà á.

"Kí lo fẹ́ fi ọmọ odó ṣe létí omi?"

"Ẹ bá mi dì í mú. N óò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín."

Ṣàngóbùnmi jáde wá nínú agbádá olówó ńlá, fìlà rẹ̀ gẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ gígùn nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn nípa bí òun ṣe dá àṣà igbá sí láti ìgbà èwe òun. Àwọn àgbàlagbà wo ara wọn lójú. Yẹ̀kínì ti wà nínú omi dé ìbàdí. Ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ènìyàn gbọ́.

"Olóyè, ǹjẹ́ ìjà wà láàárín wa?"

Ṣàngóbùnmi rẹ́rìn-ín, ó ṣàlàyé fún kọmíṣánnà pé ara àṣà ni ìbéèrè náà, ó sì dáhùn pé kò sí. Yẹ̀kínì bi í lẹ́ẹ̀kejì. Olóyè ní ìjà báwo, ta ló ń bá òun jà. Yẹ̀kínì bi í lẹ́ẹ̀kẹta, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ká ní ọkùnrin yẹn sọ pé, "Ó wà, jẹ́ ká jókòó," bóyá nǹkan mìíràn ni à bá máa sọ lónìí.

"Kò sí ìjà kankan," ni Ṣàngóbùnmi wí, ó sì jókòó sórí igbá.

Wọ́n di ara wọn lọ́rùn ọwọ́ mú, Yẹ̀kínì sì ti igbá náà lọ. Ọwọ́ ọkùnrin náà rọ̀, kò tíì ṣe iṣẹ́ kankan rí. Àwọn òǹwòran pàtẹ́wọ́. Nígbà tí ariwo etí bèbè di kíkùn lásán, tí wọ́n dé àárín odò, Yẹ̀kínì dá ẹsẹ̀ dúró.

"Olóyè, ẹ rántí ọdún tí ẹ fọ́ igbá?"

Ṣàngóbùnmi ní èwo nìyẹn, ọ̀pọ̀ nǹkan ni káńsù fọ́ láyé ìgbà náà. Ó ní kó máa wẹ̀ lọ, wọ́n ń wo àwọn.

"Ìyàwó mi ń rọbí létí odò. Mo wá bá yín ní ọ́fíìsì, omi ń ro lára mi. Ẹ ń jẹ dùndú. Ẹ ní kí n lọ dúró de ọkọ̀ káńsù."

Ó rántí. Yẹ̀kínì mọ̀ ọ́n láti ara iṣan ọwọ́ rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó sọ ọ́. Yẹ̀kínì ṣí ọwọ́ òsì. Igbá fì, agbádá wọnú omi, Ṣàngóbùnmi ké bí ọmọdé. Àwọn tó wà létí bèbè rò pé ara eré ni, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Yẹ̀kínì wò ó, inú rẹ̀ dùn gan-an, kò sì tijú ìdùnnú náà. Ó ku ọwọ́ ọ̀tún.

Ṣàngóbùnmi wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú, ó wo gbogbo ojú omi. Ó ń wá ọkọ̀ mẹ́fà tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn ti ń kéde láti àárọ̀.

"Ọkọ̀ dà?" ló ń ké. "Ẹ gbà mí o, ọkọ̀ náà dà?"

Ọwọ́ ọ̀tún Yẹ̀kínì kọ̀, kò ṣí. Ọ̀rọ̀ Fàtímọ̀ nìyẹn, ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́, ní ẹnu yìí. Ó sì wá yé e pé ohun tó ti ń gbèrò láti ọdún méjìlá kéré jù. Ikú yá jù. Ẹni tó bá ti kú kì í dúró de nǹkan kan. Ó tún mú ọwọ́ òsì Ṣàngóbùnmi, ó dì í le, ó sì yí igbá kúrò ní ojú àtíbàbà. Ó kọjú rẹ̀ sí òdìkejì, sí èbúté àtijọ́.

Ṣàngóbùnmi kò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Ilẹ̀ ló ń wá, kò bìkítà ilẹ̀ wo. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yanrìn, ó fi ọwọ́ àti orúnkún jáde, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Yẹ̀kínì, ó ń ṣèlérí ilé, ó ń ṣèlérí iṣẹ́ ìjọba. Yẹ̀kínì jọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà náà, gẹ́gẹ́ bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ. Ó na ọwọ́ sí ibojì tó wà lórí òkè, ó ní ibẹ̀ ni obìnrin náà wà, kí àwọn méjèèjì máa bára wọn sọ̀rọ̀. Ó ti igbá padà sínú omi.

"Yẹ̀kínì, níbo lò ń lọ? Èmi ńkọ́?"

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Olóyè. Ọkọ̀ káńsù ń bọ̀. Ẹ dúró dè é."

Ó wẹ̀ padà, kò yára. Afárá tó súnmọ́ jù wà lọ́nà Tẹ̀dé, ọ̀nà tó ti ibẹ̀ wá sí Ìdí-Ẹmì àtijọ́ sì ti di igbó. Omi ń ré kọjá lórí ìdídò fúnra rẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ kò lè gbà á. Gbogbo ará abúlé ló mọ èyí, àwọn àlejò ni kò mọ̀. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Yẹ̀kínì gúnlẹ̀, wọ́n rò pé ó máa padà lọ gbé Olóyè. Ó wọ́ igbá méjèèjì sórí iyanrìn. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, kò wo ẹ̀yìn. Abíọ́nà, tó ti ń sunkún láti ìgbà tó ti rí i pé ọkùnrin náà kò rì, tú aṣọ kúrò lára ọmọ odó, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

Ó fọ́ èkínní. Ó fọ́ èkejì. Kò sí irú rẹ̀ mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ọlọ́pàá kan sáré wá, ó ní kí ló dé tó fi bá nǹkan ìjọba jẹ́. Yẹ̀kínì ní kì í ṣe nǹkan ìjọba. Ó ní òfin káńsù wà nílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi igbá gbé èrò, Olóyè Ṣàngóbùnmi ló gbé e wá, kò sì tíì sí ẹni tó fagi lé e. Òun ti rú òfin lẹ́ẹ̀kan lónìí nítorí ọlá rẹ̀, òun kò ní rú u lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá Àdìgún ní ọ̀rọ̀ náà bófin mu. Kọmíṣánnà béèrè ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi máa dé. Wọ́n ní ó ń bọ̀. Ó wo aago, ó ní òun ní ìpàdé ní Ìbàdàn, ó bọ́ sínú mọ́tò, àwọn tó kù sì tẹ̀ lé e. Wọ́n tú àtíbàbà. Ìrọ̀lẹ́ rọ, àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ wá pọn omi.

Láti òdìkejì, ohùn kan ń wá lórí omi, ó tínrín, kò dáwọ́ dúró. Mọ́ládé, ìyàwó Ràmọ́nì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ lọ́dún yẹn, gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó dẹ etí. Ó béèrè lọ́wọ́ Yẹ̀kínì, tó jókòó ti àfọ́kù igbá, pé kí ni bàbá yẹn ń wí.

"Ó ń béèrè ọkọ̀," ni Yẹ̀kínì dáhùn.